Eérú Lójú Ọ̀run, Èrò Nílẹ̀: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Bàálù Dúró

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n ti ojú òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa. Ẹni tó bá gbé ẹrù rẹ̀ wá sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà láti wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn tí kò bá a lára mu ló ń pàdé: kò sí bàálù tó lè balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ kò daṣẹ́ sílẹ̀, epo kò wọ́n, ìjì kò sì jà. Ọyẹ́ ti lọ, àsìkò òjò ti wọlé ní Èkó, bí èèyàn bá sì gbójú sókè lórí Ìkẹjà, kò ní rí ohunkóhun tó jọ ohun tó lè dá ọkọ̀ dúró. Ohun tí wọ́n ń sọ fún èrò ni pé òkè kan ní Iceland, tó fi ju 6,000 kìlómítà jìnnà sí Èkó, ló ń tú eérú sójú ọ̀run.

Èrò ti san owó físà. Ó ti di ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti gàrí fún àwọn ẹbí tó ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn ní ìdánwò tí wọ́n fẹ́ bá, àwọn mìíràn ní dókítà tó ti dá ọjọ́ fún wọn. Kò sí ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní bí nínú. Eérú tí gbogbo wa mọ̀ ni ti inú àdògán, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ìdí ìkòkò. Báwo ló ṣe wá di ohun tó ń dá ọkọ̀ òfurufú ńlá dúró ní gbogbo Yúróòpù?

Òkè náà, Eyjafjallajökull, ti bú gbàmù lábẹ́ yìnyín tó bò ó lórí ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìrìn àjò bàálù tí wọ́n fagi lé ti tó nǹkan bí 100,000, èrò tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ṣírò àdánù tiwọn sí 1.7 bílíọ̀nù dọ́là. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ òdòdó ń da ohun tí wọ́n ti ká nù, torí ọkọ̀ tí ì bá gbé e lọ sí Yúróòpù kò gbéra.

Síbẹ̀, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó dá bàálù dúró nítorí eérú tàbí eruku kò rẹ́ èrò jẹ. Ohun tí èrò sanwó fún gan-an ló ṣe fún un. Ìrẹ́jẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló wà, mo sì fẹ́ kí ìbínú wa máa lọ síbi tó wà.

Àpáta tó fọ́ yángá

Eérú òkè ayọnáyèéfín kò bá eérú igi tan. Àpáta tó ti yọ́ nínú ilẹ̀ ni, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó há sínú rẹ̀ fọ́ yángá bó ṣe ń tú jáde, tó sì gan lójijì nígbà tó bá atẹ́gùn tútù pàdé. Bí a bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tóbi, àfọ́kù dígí àti àfọ́kù òkúta la máa rí, etí gbogbo wọn mú. Ó kéré débi pé atẹ́gùn lè gbé e rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ó sì gbẹ. Gbígbẹ yìí ló ń tan awakọ̀ jẹ, nítorí omi òjò ni rédà tó wà nímú bàálù ń wá kiri. Rédà máa ń rí ìkùukùu tó lóyún òjò, ṣùgbọ́n kì í rí eérú gbígbẹ. Tó bá wá di òru, ojú èèyàn pàápàá kò lè rí i.

Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, á da epo sí i, á sì dáná sun ún. Ooru tó ń wà níbẹ̀ máa ń ju 1,400 lọ lórí ìdíwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ eérú náà ti ń yọ́ láti nǹkan bí 1,100. Nítorí náà, tó bá ti dé ojú iná, olómi ló ń dà. Á ṣàn dé ara àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lẹ́yìn iná náà, níbi tí ooru ti dín kù, á sì gan mọ́ wọn lára bí ṣúgà tó jóná ṣe ń gan mọ́ ìdí ìkòkò. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Tí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà kọjá mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú.

Gbogbo ayé rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1982. Bàálù Boeing 747 ti British Airways kan, tí èèyàn 263 wà nínú rẹ̀, ti gbéra ní Kuala Lumpur, ó ń lọ sí Perth ní Ọsirélíà. Nígbà tó ń kọjá nítòsí erékùṣù Java ní Indonéṣíà, ní gíga 37,000 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn awakọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń jó lójú gíláàsì iwájú wọn. Èéfín tó ń rùn bí imí ọjọ́ gba inú ọkọ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì kan kú, èkejì tẹ̀ lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dákẹ́. Ọ̀gá awakọ̀, Eric Moody, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ òótọ́ fún àwọn èrò: gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ti kú, àwọn sì ń sa gbogbo ipá àwọn láti tún wọn tàn. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ náà fi ń rá bàbà bọ̀ nílẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó mọ́ nísàlẹ̀, tí dígí tó ti gan sínú ẹ́ńjìnnì tutù, tó sì ń já bọ́, ni wọ́n tó rí i tàn padà. Wọ́n balẹ̀ sí Jakarta pẹ̀lú gíláàsì iwájú tí eérú ti ha débi pé àwọn awakọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìta mọ́. Eérú òkè Galunggung ni, kò sì sí ẹni tó kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1989, ọkọ̀ KLM kan tó fẹ́ balẹ̀ sí Anchorage ní Alaska wọ inú eérú òkè Redoubt. Ọkọ̀ tuntun ni, kò tíì lò tó oṣù mẹ́fà. Èèyàn 245 ló wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tún kú. Ó já wálẹ̀ ní ohun tó ju 13,000 ẹsẹ̀ bàtà kó tó jí padà. Gbogbo ẹ̀mí yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó àtúnṣe sì tó nǹkan bí 80 mílíọ̀nù dọ́là.

Ṣé wọ́n kàn ń ṣojo ní 2010 ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà bẹ́ẹ̀, àwíjàre wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ran ọkọ̀ lọ sókè láìkó èrò láti lọ wo bí nǹkan ṣe rí. Willie Walsh, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà British Airways nígbà náà, wọ ọ̀kan lára wọn fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Àwọn ọkọ̀ náà padà wálẹ̀, wọn kò sì rí ìbàjẹ́ kankan lára wọn. Ohun mìíràn tí wọ́n tún máa ń sọ, òótọ́ sì ni, ni pé títí di òní kò tíì sí èrò bàálù kan tó kú nítorí eérú òkè ayọnáyèéfín. Wọ́n ní ta ni a wá ń dáàbò bò?

Mo dáhùn pé ọkọ̀ tó lọ tó bọ̀ láìfarapa kò lè jẹ́rìí ju ojú ọ̀nà tó gbà lọ́jọ́ yẹn lọ. Eérú kì í tẹ́ sójú ọ̀run bákan náà. Ó lè pọ̀ níbì kan kó má sí rárá ní ogójì kìlómítà sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Finland tú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ogun wọn tó fò ní ọjọ́ 15, wọ́n sì bá eérú tó ti yọ́ di dígí nínú rẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Yunifásítì Copenhagen àti ti Iceland gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí eérú àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n rí i pé ó mú, ó le, ó sì léwu fún ẹ́ńjìnnì àti gíláàsì bàálù, wọ́n sì sọ pé àwọn tó ti ojú òfurufú pa kò jẹ̀bi.

Ní ti pé kò tíì sí ẹni tó kú, ohun tó gba àwọn èèyàn inú ọkọ̀ 1982 àti ti 1989 là ni pé afẹ́fẹ́ mímọ́ wà nísàlẹ̀ wọn kí wọ́n tó kan ilẹ̀ tàbí òkun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé pín ojú òfurufú sábẹ́ ibùdó ìkìlọ̀ mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ eérú tọ̀sán tòru; èyí tó wà ní Toulouse nílẹ̀ Faransé ló ń ṣọ́ tiwa ní Áfíríkà. Àìsí òkú láti ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn aṣọ́nà yìí ló ń fi hàn.

Ibi tí mo gbà fún àwọn tó ń bínú ni pé ìgbáradì kò tó. Òfin tó wà nílẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún náà ni pé bí eérú bá ti wà, bó ti wù kó kéré tó, kí ọkọ̀ yà fún un. Kò sí iye kan pàtó tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ti fọwọ́ sí pé ọkọ̀ lè gbà kọjá. Àárín ọ̀sẹ̀ tí èrò ń sùn sílẹ̀ ní pápákọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi nọ́ńbà sí i: mílígíráàmù 2 nínú afẹ́fẹ́ tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nọ́ńbà dé, ọ̀nà ṣí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ti yẹ kó parí ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú.

Ọyẹ́ kì í pa ẹ́ńjìnnì bí eérú

Fún àwa tó wà ní Ìkẹjà àti Àgége, eruku tí a mọ̀ jù ni ti ọyẹ́. Lára ibi tó ti ń wá jù lọ ni àfonífojì Bodélé ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé. Atẹ́gùn á gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi, á kó erùpẹ̀ náà sókè, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì á sì ti dé orí páànù wa. Ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró sórí afárá Pen Cinema ní Àgége kò ní rí ilé tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dáadáa.

Àwọn kan á ní ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó wà láyé báyìí, bàálù sì ń fò nínú rẹ̀, kí ló wá kàn án mọ́ eérú? Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fara mọ́ wọn dé àyè kan. Yanrìn líle ló pọ̀ jù nínú eruku aṣálẹ̀, irú rẹ̀ kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 1,700, eruku náà kì í sì í sábà ga dé ibi tí bàálù ti ń sáré. Kò lè pa ẹ́ńjìnnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n amọ̀ àti ẹfun tó dàpọ̀ mọ́ ọn máa ń yọ́ ní nǹkan bí 1,200, ó sì ń jẹ ohun tí wọ́n fi bo abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ eléruku fi ń tètè gbó ju ti ibòmíràn lọ.

Ewu ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú ọyẹ́ ni pé awakọ̀ kì í rí ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí. Ẹ̀rọ atọ́nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ILS wà fún èyí, ṣùgbọ́n ìpele ni wọ́n fi ń lò ó. Ní ìpele kìíní, ojú gbọ́dọ̀ ríran tó 800 mítà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè wá balẹ̀. Ní ìpele kẹta, ó lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ọyẹ́ bo Ìkẹjà nígbà tí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń fi sí ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjèèjì kò tíì parí àyẹ̀wò. Àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó ń bọ̀ ní Èkó yà sí Accra ní Gánà, wọ́n sì já èrò sílẹ̀ níbẹ̀. Ariwo ta, ó sì yẹ kó ta. Àmọ́ awakọ̀ tó yà sí Accra ni ọ̀pọ̀ èèyàn dojú èébú kọ, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ṣe ohun tó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó mọ̀ pé oṣù kejì ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe tán ṣáájú rẹ̀, ni ìbéèrè kàn.

Yíyà sí ibòmíràn náà ní láti ní ìmúrasílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, bàálù Boeing 707 kan tó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah sí Èkó kò lè balẹ̀ ní Ìkẹjà nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára, ó sì yà sí Kánò. Ìjì ń fẹ́ lọ́hùn-ún, kòtò kan tó wà lójú ọ̀nà ìbalẹ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì gbiná. Èèyàn 176 ló kú. Mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀rí pé wọn ì bá ti fi tipátipá balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ohun tí mo kà á sí ni pé pápákọ̀ tí a bá fi ṣe ibi àsálà gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó lè gba ẹni tó sá wá bá a.

Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọ̀nà bàálù

Nínú gbogbo àríyànjiyàn lórí bóyá kí ọkọ̀ fò tàbí kó má fò, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ àti èrò la máa ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjèèjì ní Ìkẹjà na láti àríwá sí gúúsù, bàálù tó bá sì ń gba àríwá wọlé, orí Ìjú àti Àgége ló ń gbà kọjá, lórí àwọn búrẹ́dì tó ń jáde nínú iná, lórí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àwọn ilé tó fara ti ara wọn. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì sí lára àwọn tó ń yan bóyá kí ọkọ̀ tẹ̀ síwájú tàbí kó yà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ni bàálù iléeṣẹ́ Dana tó ń bọ̀ láti Abùjá já lu Ìjú-Ìṣàgà. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn kan tó wà nílẹ̀ náà sì bá wọn lọ. Eruku àti eérú kò lọ́wọ́ sí i. Mo mẹ́nu bà á nítorí ohun tí àwọn olùwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ wa kọ nípa rẹ̀: ẹ́ńjìnnì kìíní pàdánù agbára nígbà tí ọkọ̀ náà ti fò fún ìṣẹ́jú 17 péré, àwọn awakọ̀ kò sì yà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Èkó ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ ní Èkó. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ni ẹ́ńjìnnì kejì náà ṣíwọ́. Ìfẹ́ láti dé ibi tí a ń lọ ni ohun tí eérú, ọyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì tó ń kú máa ń bá jà, gbogbo ìgbà tí èrò bá sì pariwo lé awakọ̀ lórí pé ó ya ojo, ẹ̀gbẹ́ ìfẹ́ yẹn là ń gbè.

Ibi tó yẹ kí ìbínú lọ

Àwọn oníléeṣẹ́ ní Ọba Akran, Àgídíńgbì àti Ọ̀gbà ní ẹjọ́ tó lágbára. Ẹ̀rọ kan á bàjẹ́, ẹ̀yà rẹ̀ á wà nínú bàálù tí kò gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó, jẹnẹrétọ̀ á sì máa mu dísù lásán. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà fóònù ní Ìkẹjà náà ní gbèsè tó ń lé e. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù yẹn ṣeé ṣírò, ó ṣeé múra dè, pàápàá èyí tí ọyẹ́ ń fà, tí oṣù rẹ̀ kì í yí padà lọ́dọọdún. Oníléeṣẹ́ tó bá tọ́jú ẹ̀yà pàtàkì sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì ìṣòro náà.

Ẹ̀sùn tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń fi ojú ọjọ́ bo àìtó ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Èrò tó bá ti gbọ́ "ojú ọjọ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn kò ní gbà á gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tó bá jẹ́ òótọ́. Ìwà yìí bí mi nínú ju ohunkóhun mìíràn lọ, nítorí ó ń pa ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìkìlọ̀ tòótọ́ gbára lé. NiMet, àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, ń wọn bí ojú ṣe ríran tó ní àwọn pápákọ̀ wa. Iléeṣẹ́ tó bá fagi lé ìrìn àjò nítorí ọyẹ́ lè fi nọ́ńbà yẹn han èrò, kó sì sọ iye tí òfin béèrè.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ eérú dé ilé ẹjọ́. Obìnrin ará Ireland kan tí eérú 2010 há mọ́lẹ̀ ní Portugal pe Ryanair lẹ́jọ́ nítorí oúnjẹ àti ibùsùn tó fi owó ara rẹ̀ san. Iléeṣẹ́ náà ní eérú kì í ṣe ẹ̀bi àwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ àgbà Yúróòpù ní Luxembourg dájọ́ pé lóòótọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wọn, síbẹ̀ títọ́jú èrò tó há kò bọ́ lọ́rùn wọn. Ìdájọ́ yẹn ya ohun méjì tí àwa máa ń pa pọ̀ sọ́tọ̀: ọkọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró, èrò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, náà sọ pé èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsọfúnni, ohun ìpanu, àti ilé ìtura bí ìdádúró bá wọ òru. Èrò tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó sì ń dúró lórí ẹ̀tọ́ náà kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ eérú sì lè máà jìnnà sí wa tó Iceland. Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju 4,000 mítà lọ, kò tó 700 kìlómítà sí Ìkẹjà. Bàálù kì í fò ju wákàtí kan lọ kó tó dé ibẹ̀. Ó tú ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Àpáta olómi tó ń ṣàn ló sábà máa ń tú jáde ju eérú lọ, èyí tó sì ṣàn ní 1999 gé títì tó gba etí òkun kọjá. Lọ́jọ́ tó bá tú eérú sókè, Toulouse á kìlọ̀ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó àti Kánò, àwọn náà á sì sọ fún awakọ̀. Èrò tó jókòó sínú gbọ̀ngàn láti ìdájí yẹ kó gbọ́ ohun kan náà lọ́jọ́ yẹn: pátákó kan níwájú ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, tí wọ́n kọ ibi tí eérú wà sí ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, aago tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò, àti yàrá tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.